Títú Tọ́ọ̀ṣì Náà, Ìwé Kíkà Ni

Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá jókòó ti tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, tó ń tú u kó lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gbọ́ lẹ́nu bàbá, lẹ́nu ìyá, lẹ́nu ẹ̀gbọ́n àti lẹ́nu olùkọ́: "Fi ìyẹn sílẹ̀, lọ kàwé rẹ." Èmi kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní títú tọ́ọ̀ṣì náà, ìwé kíkà ni. Mo sì tún ní, nínú gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán wò nílé tàbí ní kíláàsì, ekukáká la fi máa rí èyí tí owó rẹ̀ kéré, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀, tó sì dùn ún wò tó ìmọ́lẹ̀ tí kò gbóná. Òun gan-an ni wọ́n sì ń fi dù wá. Àwọn kan ń pè é ní ewu, àwọn kan ń pè é ní eré, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pè é ní oògùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fẹ́ dá lóhùn nínú àròkọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mò ń gbèjà.

Gbogbo wa la mọ ìmọ́lẹ̀ tó gbóná: fìtílà elépo, àbẹ́là, iná igi, àti gílóòbù àtijọ́ tí wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ máa ń pọ́n bí irin inú iná àgbẹ̀dẹ. Ooru ló ń mú wọn tàn. Ìmọ́lẹ̀ mìíràn wà tí kì í ṣe ọmọ ooru. Tanátaná tó ń fò kiri nínú oko lálẹ́ ń tàn, kò sì jó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kẹ́míkà tó wà nínú ikùn rẹ̀ ló ń ṣe é. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé bí ìmọ́lẹ̀ bá bà wọ́n, wọn yóò gbà á sára, wọn yóò sì tú u jáde ní àwọ̀ mìíràn. Èyí tí wọ́n ṣe ní ìyẹ̀fun láti máa fi ṣe iná nínú wọn là ń pè ní fọ́sífọ̀. Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé bí iná mànàmáná bá gba inú wọn kọjá, wọn yóò tàn láìjẹ́ pé ooru ló mú wọn tàn. LED ni èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì LED tó wà nílé yín, ẹ pa á, kí ẹ wá wo ojú rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun, ẹ ó rí i pé nǹkan kékeré aláwọ̀ ìyeyè ló wà níbẹ̀. Kí ló dé tí ohun tó ní àwọ̀ ìyeyè fi ń tan ìmọ́lẹ̀ funfun? Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn, ó sì jinlẹ̀. LED tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe funfun rárá, búlúù ni. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi bò ó ni fọ́sífọ̀. Ìyẹ̀fun yìí ń gba díẹ̀ nínú búlúù náà, ó sì ń tú u jáde ní àwọ̀ ìyeyè. Nígbà tí búlúù tó kù bá pàdé àwọ̀ ìyeyè yìí, ojú wa á rí i ní funfun. Ìyẹn ni pé oríṣi ìmọ́lẹ̀ méjèèjì tí mò ń sọ ti wà nínú tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo tí ìyá wa fi ń wá kọ́kọ́rọ́ lálẹ́. Láti ìgbà tí a ti gbọ́njú ni a ti ń lò ó nígbàkígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Mélòó nínú wa ni ẹnikẹ́ni ti sọ èyí fún rí?

A máa ń kùn ní Òṣíẹ̀lẹ̀ pé iná kò dúró, pé ilẹ̀ ń ṣú mọ́ wa lórí. A kò jẹ̀bi. Àmọ́ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀, òkùnkùn náà ni yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní àwọn ìlú tí iná kì í kú, ńṣe ni wọ́n ń wá aṣọ dúdú bo fèrèsé kí wọ́n tó lè ṣe ohun tí àwa lè ṣe lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ láìná kọ́bọ̀.

Ohun èlò àkọ́kọ́ ni tọ́ọ̀ṣì kékeré tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà bí elésè àlùkò. Púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni ojú wa kò rí. Ìdí nìyí tí a kò gbọdọ̀ tàn án sí ojú ara wa tàbí ti ẹlòmíràn. Ẹ tàn án sí owó náírà nínú òkùnkùn: nọ́ńbà tó dúdú lára owó náà yóò di àwọ̀ ewé. Báńkì Àpapọ̀ ló fi síbẹ̀ kí a lè fi mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Ẹ tàn án sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí a fi ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ̀: yóò tàn ní búlúù, nítorí pé àwọn tó ń ṣe ọṣẹ máa ń fi kẹ́míkà kan sí i tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí di èyí tí ojú rí, kí aṣọ lè dà bí ẹni pé ó funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tàn án sí tónììkì wọ́tà nínú ife: omi tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ yóò tàn bí ojú ọ̀run. Kuníìnì ló wà nínú rẹ̀, irú kuníìnì tí àwọn bàbá wa lò fún ibà. Ẹ gún atalẹ̀ pupa, ẹ rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì díẹ̀: omi rẹ̀ yóò tàn láàárín àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ewé. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ẹ̀fọ́. Bí a bá gún ewé ẹ̀fọ́ tútù, tí a rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì, tí a sì sẹ́ ẹ, omi rẹ̀ á jẹ́ àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n bí a bá tan iná owó yìí sí i nínú òkùnkùn, yóò pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí ewé fi ń pọ́n? Nítorí pé ohun tó ń mú ewé ní àwọ̀ ewé ni ó ń gba agbára oòrùn láti fi se oúnjẹ fún igi. Nígbà tí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ewé, kò rí oúnjẹ sè mọ́, agbára tó gbà kò níbi tí yóò lọ, ló bá ń tú u dà nù ní ìmọ́lẹ̀ pupa. Gbólóhùn yìí ti so Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Fíìsìsì pọ̀, nínú ife kan ṣoṣo.

Kí ló sì dé tí àwọ̀ tó ń jáde kì í fi í jọ èyí tó wọlé? Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó mú owó ńlá lọ ra nǹkan kò lè gba ṣéńjì tó pọ̀ ju owó tó mú lọ. Ohun tó rà ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Bákan náà ni ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ojú kò rí, tó kọjá elésè àlùkò, ló ní agbára jù. Búlúù tẹ̀ lé e, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, pupa ló kéré jù nínú àwọn tí ojú rí. Ohun tó gba ìmọ́lẹ̀ sára ń ná díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ ní ooru, ó sì ń dá ìyókù padà. Ìdí nìyí tí a fi lè rí pupa gbà lára ẹni tó gba búlúù, tí a kò sì lè fi tọ́ọ̀ṣì pupa mú tónììkì wọ́tà tàn. Ẹ dán an wò. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

LED náà ní tirẹ̀. Mo so LED pupa àti LED búlúù mọ́ bátìrì, mo sì fi mítà tí àwọn oníná ń lò wọ̀n ọ́n. Pupa ti ń tàn dáadáa ní nǹkan bíi fóòlù méjì. Búlúù ń fẹ́ tó bíi mẹ́ta. Bátìrì kan ṣoṣo kò lè tan búlúù rárá. Ọ̀rọ̀ ṣéńjì yẹn náà ni: ẹni tó fẹ́ tú agbára ńlá jáde gbọ́dọ̀ gba agbára ńlá wọlé. Lẹ́yìn náà mo yọ bátìrì kúrò, mo gbé LED pupa náà sínú oòrùn ọ̀sán, mítà sì fi hàn pé ó ń mú iná jáde, ó ju fóòlù kan lọ. Ohun tó ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀ ti ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná! Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí sólà orí òrùlé àwọn ará àdúgbò wa ń ṣe. Ọdún kan gbáko ni mo ti ń ka orí ìwé tó sọ nípa rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n yíjú sí àwọn tó ń takò wá.

Àwọn àkọ́kọ́ ń sọ pé iṣẹ́ àwọn òyìnbó onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyí, kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé nínú kíṣíìnì. Mo ní kí wọ́n lọ wo ìtàn. Ní nǹkan bí ọdún 1602, ní ìlú Bologna ní Ítálì, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Vincenzo Casciarolo. Bàtà ló ń ṣe. Ó rí òkúta kan tó wúwo lórí òkè, ó sun ún nínú iná èédú, òkúta náà sì ń tàn nínú òkùnkùn lẹ́yìn tí oòrùn bá ti pa á. Òkúta oníbàtà yìí ló mú kí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó ń tàn láìgbóná. Ní 1852, George Stokes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oòrùn, gíláàsì aláwọ̀ àti kuníìnì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ṣéńjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 1907, Henry Round kíyè sí i pé carborundum ń tàn bí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá. Carborundum yìí, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n irin ni. Ní Rọ́ṣíà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oleg Losev, tí kò parí yunifásítì kankan, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí rédíò, tún rí ìmọ́lẹ̀ yìí, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1927. Ebi pa á kú ní 1942 nígbà tí ogun ká ìlú Leningrad mọ́. Ní 1936, Georges Destriau ní Páríìsì po ìyẹ̀fun fọ́sífọ̀ mọ́ epo lárà, ó fi iná mànàmáná sí i, ó sì tàn. Epo lárà o, èso igi tó ń hù lẹ́yìn ilé wa!

Ẹ tún wo ti Japan. Shuji Nakamura tó ṣe LED búlúù tó mọ́lẹ̀ yòò, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá ìlú Tókíò ló ti ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe fọ́sífọ̀ ní ìgbèríko Tokushima ni. Òun, Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti Fíìsìsì ní 2014. Láìsí LED búlúù náà, kò sí tọ́ọ̀ṣì funfun tí à ń lò lónìí. Ta ló wá sọ pé ìgbèríko kò lè bí ìmọ́lẹ̀?

Bí àpẹẹrẹ òkèèrè kò bá tó, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ìtòkú, níbi tí gbogbo ayé ti ń wá ra àdìrẹ. Àwọn ìyá wa tó ń pa aró kò lọ sí yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan. Wọ́n gún ewé ẹ̀lú, wọ́n sá a, wọ́n fi omi eérú rẹ ẹ́ sínú ìkòkò fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fa aṣọ jáde nínú ìkòkò náà, àwọ̀ rẹ̀ kì í tíì jẹ́ ti aró. Ó ń sún mọ́ àwọ̀ ewé. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni tó ń wò ó. Kẹ́mísìrì gidi nìyẹn. Ta ló kọ́ wọn? Ọwọ́ wọn ni, àti ìyá tó dúró tì wọ́n. Àwọn baba ńlá ọmọ Ẹ̀gbá kò sọ fún aláró pé kó fi ìkòkò sílẹ̀ kó lọ kàwé.

Àwọn kejì ń sọ pé ewu wà níbẹ̀. Àwọn yìí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù, nítorí pé òótọ́ wà lẹ́nu wọn. Ewu wà. Láti 1917, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kun ojú aago kó lè máa tàn lálẹ́. Fọ́sífọ̀ àti rédíọ̀mù ni wọ́n pò pọ̀ nínú ọ̀dà náà. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ètè tọ́ ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kó lè mú ṣóńṣó. Wọ́n sọ fún wọn pé kò léwu. Rédíọ̀mù náà wọ inú eegun wọn lọ, egungun àgbọ̀n wọn jẹrà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Ní 1928 ni ilé iṣẹ́ náà tó gbà láti sanwó ìtanràn fún àwọn márùn-ún tó pè é lẹ́jọ́. Ẹ fi ọkàn sí èyí: àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilé iṣẹ́ kan náà ń dáàbò bo ara wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ kan rédíọ̀mù. Àwọn tó mọ̀ dáàbò bo ara wọn. Àwọn tí wọ́n fi ìmọ̀ pa mọ́ fún ló kú.

Nítorí náà, mo bi àwọn tó ń fi ewu dẹ́rù bà wá: ṣé àìmọ̀ ló máa gbà wá? Ọ̀pá fuluorẹ́sẹ́ǹtì tó ti kú ń bẹ lórí ààtàn káàkiri. Àwọn ọmọdé ń fọ́ ọ ṣeré nítorí pé ó máa ń dún gbòlà. Ìyẹ̀fun funfun tó wà nínú rẹ̀, fọ́sífọ̀ ni. Mákúrì sì wà nínú rẹ̀, ìyẹn irin olómi tó ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́. Ọmọ tí a ti kọ́ nípa fọ́sífọ̀ ni yóò kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀ pé kó má fọ́ ọ. Ọmọ tí a lé kúrò nídìí tọ́ọ̀ṣì kò ní mọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àwa náà ní òfin tiwa, ẹ sì gbọ́. A kì í fọ́ ọ̀pá fuluorẹ́sẹ́ǹtì tàbí gílóòbù tó jọ ọ́. A kì í ha ọ̀dà tó ń tàn kúrò lójú aago àtijọ́. A kì í so ohunkóhun mọ́ iná ògiri. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ti tó. A kì í mú sípíríìtì sún mọ́ iná. A kì í tọ́ ohun tí a fi ṣe ìwádìí wò, bó tilẹ̀ jẹ́ tónììkì wọ́tà. Àkéekèé máa ń tàn ní àwọ̀ ewé lábẹ́ iná owó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kì í lọ wá a kiri. Àgbàlagbà kan sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Òfin méje péré, ẹnikẹ́ni lè há wọn sórí.

Àwọn kẹta ń sọ pé eré ni, kò sí nínú ìdánwò. Ẹ̀yin olùkọ́ wa mọ̀ pé nínú Fíìsìsì àti Kẹ́mísìrì ti WAEC, pépà kẹta fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ inú ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, inú káḃọ́ọ̀dù ni àwọn ohun èlò máa ń wà láti SS1, tí eruku á máa bò wọ́n, títí ìdánwò yóò fi ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni a óò wá máa sáré há bí wọ́n ṣe ń ka mítà sórí, bí ẹni ń há ewì sórí. Ẹni tó ti fi oṣù mẹ́fà wọn LED nílé kò ní gbọ̀n níwájú mítà. Àwọn ohun tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì, bí agbára ìmọ́lẹ̀ àti àwọn ohun tó ń gba iná díẹ̀ tí kò gba púpọ̀, òun náà ni ohun tí a ń fi ọwọ́ ṣe wò yìí.

Mo rántí pé ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti kàwé rí, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì mú ìgò omi ẹ̀fọ́ wa àti iná owó lọ sí kíláàsì ní àkókò ìsinmi. Àwọn ọmọ JSS kún ojú fèrèsé, wọ́n ń bi wá pé báwo ló ṣe pọ́n. Olùkọ́ kan wọlé, wọ́n da omi náà nù, wọ́n gba iná náà, wọ́n sì ní kí a kúnlẹ̀ nítorí pé a mú nǹkan eré wá sí ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó bi wá ní ìbéèrè kankan. Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ kọ́ ló dùn mí. Àwọn ọmọ JSS tó ń béèrè "báwo" ló dùn mí, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ẹni tó bá béèrè "báwo" yóò kúnlẹ̀.

Àwọn tó kù ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọmọ tó ń mú omi tàn nínú òkùnkùn, nǹkan kan ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù náà ti wá. Ìròyìn oògùn owó àti àwọn ọmọ tó ń wá ọrọ̀ òjijì ń dẹ́rù ba òbí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, mi ò sì bú ẹni tó bá ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ bi yín. Bí afàwọ̀rajà kan bá gbé omi tó ń tàn jáde lọ́la nínú yàrá tó ṣókùnkùn, tó ní omi ìyanu ni, pé kí a wá fi owó ilé ìwé rà á, ta ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú ilé? Ọmọ tó ti rí tónììkì wọ́tà tó tàn ni. Onídán ń fi bó ṣe ṣe é pa mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ń pe gbogbo ènìyàn wá wò ó, ó sì ń sọ fún wọn bí àwọn náà ṣe lè ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ẹ ní kí ọmọ náà ṣe é lójú yín, kí ó sì ṣàlàyé. Bí kò bá lè ṣàlàyé, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni a wá ń fẹ́? Ohun mẹ́ta péré ni, kò sì sí èyí tó nílò owó ìjọba nínú wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún wa ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ tí kò sí eré ìdárayá, kí a máa fi ọwọ́ ṣe nǹkan wò lójú yín. Àpótí kékeré kan tí iná owó, LED mélòó kan, bátìrì, mítà kan àti àwọn ìgò òfìfo bá wà nínú rẹ̀ ti tó kíláàsì odindi. Kí ẹni tó bá ṣe nǹkan kọ ohun tó ṣe, ohun tó rí, àti ohun tí kò yé e sínú ìwé.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Federal College of Education tó wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀ wa níbí, ẹ̀yin ni ẹ máa ń wá kọ́ wa nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ má kàn wá kọ nóòtì sójú pátákó fún wa. Ẹ mú ohun kan wá tí ẹ óò tú níwájú wa. Ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan ló wà láàárín yín àti ọ̀pọ̀ nínú wa. Kò yẹ kí ìmọ̀ tó ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú wa ṣòro fún wa láti rí.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá bá wa nídìí tọ́ọ̀ṣì, ẹ má lé wa. Ẹ jókòó tì wá, kí ẹ sì bi wá pé kí la rí. Bí a bá ń ṣe ohun tó léwu, ìgbà tí ẹ bá wà nítòsí ni ẹ óò mọ̀. Ọmọ tí a lé yóò ṣe é níbi tí ẹ kò ti ní rí i, láìsí òfin kankan, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwa ní ojú tó fẹ́ rí nǹkan. Ẹ̀yin ní ọgbọ́n tó mọ ibi tí kò yẹ kí a fọwọ́ kàn.

Orílẹ̀-èdè wa ń ra tọ́ọ̀ṣì láti òkèèrè, ó ń ra gílóòbù, ó ń ra sólà. Nígbà tí wọ́n bá bàjẹ́, a ń sọ wọ́n sórí ààtàn, a tún ń ra òmíràn. A kò lè máa bá a lọ báyìí títí láé, kí a sì máa retí pé lọ́jọ́ kan ṣáá, ẹnì kan láàárín wa yóò jí, yóò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí yóò ṣe tọ́ọ̀ṣì lọ́la ni ẹni tó ń tú u lónìí. Bí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún un pé kó lọ kàwé. Ìwé ló ń kà.